Iná Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Kú ní Gwagwarwa

Àǹtí Dúpẹ́ ló kọ́ mi níṣẹ́ títún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò. Èmi, kí n ṣáà ti tú nǹkan palẹ̀ ni. Òun ló kọ́ mi ní sùúrù.

Lọ́jọ́ kan, Bùọ̀dá Kọ́lá, télọ̀ ní Gwagwarwa, tún gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tó ń kì bọ ihò USB ló fi ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Nílé, tó bá tan ẹ̀rọ, iná kíbọ́ọ̀dù á tàn. Kí ẹ̀rọ tó jí tán, gbogbo ihò USB á kú. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí ohun tó ṣe é.

"Níbòmíì tí mo gbé e lọ, wọ́n ní àfi kí wọ́n pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́," ló wí. "Iṣẹ́ ọnà tí bàbá mi fọwọ́ yà fún sùtánà àti agbádá ló wà níbẹ̀. Ikán ti jẹ bébà wọn, Bàbá ò sì ríran mọ́."

Mo ní ká pààrọ̀ ihò USB náà.

"Ọwọ́ ń yún ẹ," Àǹtí dá mi lóhùn. "Ohun tí kò ṣe é níbí, kí lo fẹ́ tún ṣe? Dìde, ilé wọn là ń lọ."

Nígbà tí a kí Bàbá tán, Àǹtí káwọ́ gbera. "Bùọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ má fo nǹkan kan."

Bùọ̀dá Kọ́lá gbé láptọ́ọ̀pù lé fáànù pẹlẹbẹ kan nítorí ooru Kánò, ó ki wáyà fáànù bọ ihò USB kejì. Kò gbé fáànù yẹn wá ṣọ́ọ̀bù rí. Ta ló ń gbé fáànù lọ bá ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe? Iná kíbọ́ọ̀dù tàn. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná kú.

Àǹtí fa wáyà fáànù yọ. Ó ti bó nídìí.

"Bó bá ti gbọ̀n, wáyà inú ẹ̀ á kan ara wọn, láptọ́ọ̀pù á sì ti ihò USB pa kó má baà jóná. Ara ẹ̀ ló ń gbà là."

Láìsí fáànù, iná dúró, pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Orí mi wú nítorí ọ̀gá mi. Bùọ̀dá Kọ́lá fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọnà náà sórí aṣọ, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá fi ìka tọ òwú náà lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Èyí ló wà lọ́rùn agbádá ìgbéyàwó mi," ló wí.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Tarauni báyìí. Tí ọwọ́ bá ti ń yún mi, ìka Bàbá lórí òwú yẹn ni mo máa ń rántí, màá sì ní kí oníbàárà lọ kó gbogbo ohun tó ń kì bọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nílé wá.