Bọ́ọ̀lù Tó Kù Lẹ́yìn Àgbá Omi

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìyá náà àti ariwo.

Ní òdìkejì ògiri, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀ ni: pápá tí koríko rẹ̀ ti kú tán, òpó igi méjì tí wọ́n fi ṣe ojú góòlù, àti àwọn ọmọ tí ọ̀fun wọn kì í gbẹ. Ní ìhín, iyàrá ìyá ni: tábìlì gbọọrọ lábẹ́ fèrèsé, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi àkísà wé wáyà rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, àgbá omi lẹ́yìnkùlé, àti okùn tí aṣọ ń rọ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Alágbàfọ̀ ni. Ẹ bá ṣèèṣì wọlé lójijì, ẹ ó rò pé èèyàn ló kún ibẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì lóríṣiríṣi lórí ìkọ́, èjìká wọn dúró ṣánṣán, gbogbo wọn kọjú sí i bí àlejò tó ń retí kí wọ́n fún òun lómi mu. Ẹ tún un wò, kò sí orí lórí ọrùn kankan!

Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà nílé ọkọ ní ìlú tó jẹ́ pé ilẹ̀ á ti ṣú kí bọ́ọ̀sì àárọ̀ tó débẹ̀. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀ lòun náà lọ ní kékeré. Bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án, ohun kan náà ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé: "Màámi, ẹ na fóònù sójú fèrèsé, ẹ jẹ́ n gbọ́ wọn." Ìyá á na ọwọ́ síta, ariwo á ya wọnú fóònù gììrì. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ìyá á máa rẹ́rìn-ín níhìn-ín.

"Màámi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa o jàre."

"Kí n wá gbé lọ́dọ̀ yín, ta ni á wá máa dá bọ́ọ̀lù wọn padà fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Bọ́ọ̀lù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ a máa fò kọjá ògiri bọ́ sẹ́yìnkùlé rẹ̀, àfi bíi pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń fi okùn fà á! Ẹlòmíì á kàn gbé e jù padà, ọ̀rọ̀ tán. Ìyá Bọ́ọ̀lù kọ̀. Kò jù ú padà rí. Ẹni tó bá gbá a ní láti gba géètì jáde, kó yí gbogbo ògiri ká, kó wá kanlẹ̀kùn níwájú ilé bí ọmọlúàbí.

"Ẹ káàsán mà. Bọ́ọ̀lù wa ló bọ́ sọ́dọ̀ yín."

"Ta ló ń jẹ́ 'wa'? Ìwọ nìkan ni mo rí."

"Bọ́ọ̀lù mi, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ bíríkìlà ni mí, mà."

"Abájọ tí orí ẹ fi le bí búlọ́ọ̀kù. Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"

"Ìṣirò, mà."

"Ó sì yé ẹ?"

"Ó yé mi díẹ̀, mà."

"Ṣó o ti jẹun?"

Ìgbà tó bá gbọ́ èsì sí gbogbo ìyẹn tán ni á tó tẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, á fa bọ́ọ̀lù tó gbé síbẹ̀ yọ, á fi àkísà nù ún mọ́ tónítóní, á sì nà án síta. Àwọn ọmọ gbà pé ìyá náà le. Àwọn òbí gbà pé ariwo ló ń bí i nínú. Nígbà kan, bíríkìlà fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun á bá a fi búlọ́ọ̀kù kún ògiri yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìyá sáré dúró síwájú ògiri bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú un lẹ́rú. "Má fọwọ́ kàn án! Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" Bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí lọ. Kò yé e rárá. Ta ló máa yé? Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ò bá bọ́, ìyá yìí lè má la ẹnu bá ẹ̀dá alààyè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Aránṣọ ìwájú ilé, tí ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀ títí táá fi tutù, ló gbé ìròyìn náà dé.

"Ìyá Bọ́ọ̀lù! Ṣẹ́ ẹ ti gbọ́? Ìjọba fẹ́ da ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀!"

"Dà á pọ̀ báwo?"

"Tiwa yìí àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Òkè. Wọ́n ní ọmọ tiwa ò pọ̀ tó mọ́, òrùlé sì ń jò. Wọ́n á kó gbogbo wọn gun òkè lọ, wọ́n á sì ti ibí pa."

Ìyá dúró sójú kan, áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan, àfìgbà tí òórùn gbà wọ́n nímú.

"Yéè! Ìyá, aṣọ ń jó o!"

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun akọ̀wé kan ni. Àmì áyọ́ọ̀nù ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò tíì jó aṣọ oníbàárà rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, torí òun ni wọ́n fi ṣe alága àdúgbò. Ibẹ̀ gbóná! Wọ́n jókòó sórí pákó, wọ́n jókòó sórí àga tí kò tíì lẹ́sẹ̀ tán. Ẹnìkan ní títì márosẹ̀ wà láàárín ibí àti òkè, ọkọ̀ á gbá ọmọ. Ẹlòmíì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá òun lọ, tóun náà lọ, kò sẹ́ni tó máa tì í lójú òun.

"Àti pé àwọn ará Òkè yẹn," ni aránṣọ wí, "tí imú wọn ń wo sánmà! Wọn ò kí àwa àgbà, ṣé ọmọ wa ni wọ́n máa kí?"

Ẹ̀rín bú. Káfíńtà fi òòlù lu tábìlì.

"Ẹ gbọ́ ná! Ohun tá a máa ṣe rèé. Láti ọjọ́ Ajé, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ lọ! Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Wọ́n á mọ̀ pé inú ń bí wa!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Inú ìró yìí ni Ìyá Bọ́ọ̀lù, tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ti nawọ́ sókè. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ o. Àwọn yẹn ní ọmọ wa ò pọ̀ tó. Tá a bá wá kó gbogbo ọmọ kúrò níbẹ̀ pátá, ṣé wọn ò ní..."

"Màmá," ni káfíńtà dá a dúró, tìfẹ́tìfẹ́ ni o, "ẹ lọ́mọ níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ lọ́mọ-ọmọ níbẹ̀?"

"Wọn ò sí nítòsí."

"Ẹ jẹ́ káwa tọ́rọ̀ kan ọmọ wa sọ ọ́, Màmá."

"Inú Ìyá Bọ́ọ̀lù á tiẹ̀ dùn!" lẹnìkan ké látẹ̀yìn. "Wọ́n á sinmi ariwo!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tún rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa kí wọ́n má bàa mọ̀, ó wá gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé dé. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ máa ń dún. Ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń gbóná, tó ń ta kẹ́kẹ́. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó sì korò létí rẹ̀. Fóònù dún lọ́sàn-án, ó na ọwọ́ síta kó tó rántí.

"Màámi? Fóònù yín ti bàjẹ́ ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Fóònù ò bàjẹ́," ni ìyá wí.

Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà kó gbogbo àdúgbò lẹ́yìn, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, tọmọtọmọ, ó di ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó wà ní àárín ìlú. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìyá, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Ìró ẹsẹ̀ wọn ò tíì parẹ́ tán nígbà tí ọkọ̀ kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú ilé-ẹ̀kọ́.

Ìyá yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká àti ọkùnrin kan ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Obìnrin náà á yọrí wo inú kíláàsì, á mi orí. Àga àti ìdákẹ́jẹ́ ló ń rí.

Ìyá fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó sáré! Ó gba iwájú ilé, ó yí gbogbo ògiri ká, ó gba géètì wọlé, ọ̀nà tí àwọn ọmọ máa ń gbà gẹ́lẹ́. Ó ti ń mí gúlegúle nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà! Àwọn ọmọ wà o! Ẹ má wò ó báyìí. Ọ́fíìsì yín ni wọ́n wà, ẹ̀yin ni wọ́n lọ bá!"

Obìnrin náà wo ọkùnrin, ọkùnrin wo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kàn káwọ́ sókè.

"Àwa nìyí, mà," ni obìnrin náà wí, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì le lóhùn rárá. "Wọ́n ní ká wá wo iye ọmọ tó ń wá. Ohun tí mo bá nílẹ̀ ni mo máa wí. Ọmọ yín ń lọ síbí ni?"

"Rárá."

"Ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Rárá, mà." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá ti ń rò nídìí áyọ́ọ̀nù láti ọjọ́ yìí, ó wá a tì. "Bọ́ọ̀lù wọn máa ń bọ́ sọ́dọ̀ mi," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà fọwọ́ kàn án léjìká. "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wọ́n á ti dà yín láàmú. Ẹ ó sinmi báyìí."

Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn máa padà, ohùn gbogbo wọn ti há, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Káfíńtà ló ṣíwájú. "Wọ́n sá fún wa! A ò bá ọ̀gá kankan ní ọ́fíìsì! Wọ́n gbọ́ ìró wa, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ!"

Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ibí ni wọ́n wà," ló wí.

"Ibí wo?"

"Inú ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n wá ka ọmọ."

Orin kú lẹ́nu wọn. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, páálí rẹ̀ lórí itan. Ẹnikẹ́ni ò sì wí pé ìyá yẹn ti sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ò wí i.

Bí wọ́n ṣe da ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Wọ́n kó àga, wọ́n kó pátákó ìkọ̀wé, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ti géètì. Àwọn ọmọ ń gun òkè láràárọ̀, àwọn òbí sì ń kó wọn kọjá títì márosẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kò pẹ́ tára wọn mọlé. Káfíńtà alára ni wọ́n gbé iṣẹ́ àga tuntun fún lókè, ó sì ń súfèé lọ síbẹ̀. Gbogbo ayé ti gbà. Ìyá nìkan ló kù pẹ̀lú ògiri rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni omi àgbá tán, ó yí àgbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo nǹkan! Bọ́ọ̀lù kan há sáàárín àgbá àti ògiri, ó ti ṣe pẹlẹbẹ, ewé ti bò ó. Èyí tẹ́nìkan ò wá béèrè ni. Ìyá gbé e, orí rẹ̀ wú. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ ojú ọmọ, ó sá a sórí okùn láàárín aṣọ àwọn oníbàárà, ó gbé e tọ fọganáísà lọ kó fi afẹ́fẹ́ sí i. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó sọ bọ́ọ̀lù sínú àpò, ó kọjá títì, ó gun òkè.

Kó tó dé géètì ló ti ń gbọ́ wọn. Ariwo náà ni! Ó pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn àwọn ọmọ tiẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Bàbá kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì nídìí géètì.

"Ẹ káàsán mà. Ta lẹ wá rí?"

"Bọ́ọ̀lù wọn ló bọ́ sọ́dọ̀ mi."

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Sọ́dọ̀ yín? Ibo lẹ̀ ń gbé?"

Ìyá nawọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, sí òrùlé tí aṣọ ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀n! Ọmọ wo ló lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú ìyá, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó ná. Ẹ ti jẹun?"

Ó pẹ́ tẹ́nìkan ti bi í ní ìyẹn. Ó jókòó. Ó gbé àpò sórí ẹsẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bò ó. Àwọn ọmọ ń sáré kọjá nínú géètì, ọmọ bíríkìlà rí i, ó juwọ́ sí i, "Ìyá Bọ́ọ̀lù!", ó sì ti sáré lọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí wọ́n ti padà wọ kíláàsì, ìyá dìde.

"Ẹ gbé bọ́ọ̀lù náà wá, mà, kí n fún wọn," ni bàbá wí.

Ìyá di àpò mọ́ra. Tó bá fi sílẹ̀, kí ló máa sọ pé òun wá ṣe níbí lọ́jọ́ mìíràn?

"Mo gbàgbé rẹ̀ sílé," ló wí. "Màá mú un wá lọ́la."

Bàbá wo àpò náà, tó rí rogodo bí oṣù àrànmọ́jú, kò sì yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó dáa, mà," ló wí. "Ó di ọ̀la."