Òṣé Kùdírátù

Bí ẹ bá ní fóònù tó ń wọ ayélujára, ẹ ti gbọ́ òṣé Kùdírátù ọmọ Ṣàngówálé, ẹ kàn lè má mọ̀ pé òun ló ni ín ni. Opó ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá títì ní Fìdítì, kì í sì bá èèyàn rojọ́ pẹ́. Bí oníbàárà bá ná ọjà rẹ̀ ní iye tí kò bójú mu, òṣé ló fi ń dá a lóhùn. Òṣé náà gùn, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, nígbà tó bá sì fi máa parí, ẹni tí wọ́n pa á fún á ti mọ irú èèyàn tóun jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Kùdírátù fẹ́ láyé yìí: kí wọ́n fi í jẹ Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ó ti ń gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí náà láti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ilé oníṣàngó ni wọ́n bí i sí, àwọn kan ò sì jẹ́ kó gbàgbé, àgàgà Àlùhájì Abdussalam, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, tó máa ń bi í bóyá àrá sán nílé bàbá rẹ̀ lánàá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn ún wọra. Nígbà tí Lèmọ́mù Sofiyullah wá kéde lọ́dún yìí pé Kùdírátù lòun máa wé láwàní fún ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá, ńṣe ló sunkún bí ọmọdé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé ni àwọn kan dé láti Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wá àwọn ìyá abúlé tí wọn máa yà ní fọ́tò. Ẹ gbọ́ o, Fìdítì ni wọ́n ń pè lábúlé. Wọ́n ní ìrẹsì àti adìẹ wà níbẹ̀ lágogo méjìlá. Kíá, bọ́ọ̀sì kún fún ìyá, ó di Ìbàdàn.

Agogo méjìlá lọ, ìrẹsì ò dé. Agogo mẹ́ta kọjá. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tolú, tí orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ya bíi ti ẹni tó bá ẹ̀gún jà, gorí pèpéle, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń jà ràn-ìn lórí ayélujára. Ó ní kéèyàn máa jó nídìí ọjà rẹ̀, kó sì máa ya ara rẹ̀ ní fídíò. Ó ní ẹni tí ayélujára ò bá mọ̀, kò tíì wà láyé. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé máìkì fún àwọn ìyá, kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ìyá tó jókòó ti Kùdírátù ló gbà á, ó ṣì ń ronú ohun tó máa sọ. Kùdírátù ò mọ̀ pé máìkì náà ń gbọ́ tòun náà. Ebi ń pa á, kò sì tíì wà láyé. Ó pòṣé.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà dé, òṣé ti gba orí ayélujára ṣáájú wọn délé. Mùbárákà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ní Ìlọ́rà, ló fi hàn án. Àwọn èèyàn ti gé òṣé náà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan: ìlérí olóṣèlú, ọkọ tó ní ìpàdé lòun ti ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó tuntun sè. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ti wò ó. Kùdírátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ò dọ́jọ́ kẹta. Aláìníṣẹ́ kan lẹ òṣé mọ́ fídíò wáàsí tí Lèmọ́mù Sofiyullah ṣe ṣáájú ìrun Jímọ̀. Sùúrù ni Lèmọ́mù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ó ní, 'Ó wá di kókó kẹrìndínlógún,' òṣé sì dá a lóhùn. Láti Fìdítì dé Awẹ́, kò sẹ́ni tí kò rí i. Àlùhájì Abdussalam fi í ránṣẹ́ sórí Wásáàpù mọ́ṣáláṣí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ṣebí òun ti wí.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, wọ́n pe Kùdírátù síwájú ìgbìmọ̀.

'Màámi, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n,' ni Mùbárákà ń sọ bí wọ́n ṣe ń lọ. 'Ẹ má ṣàlàyé kankan.'

Ẹ̀rù ń ba Kùdírátù, ká sòótọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún ìgbálẹ̀, kò fẹ́ tún padà di ọmọ oníṣàngó lójú wọn.

Àlùhájì Abdussalam ka ẹ̀sùn látinú ìwé ojú ewé mẹ́ta. Ó ní obìnrin tó ń pòṣé sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò lè wé láwàní nígbà tóun bá ṣì wà láyé. Nígbà tó kà á tán, Lèmọ́mù yíjú sí Kùdírátù.

'Ṣé èmi lo pòṣé sí?'

'Rárá o, Àlùfáà. Ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn ni.'

'Mo gbọ́. Àmọ́ ká ní o wà níbi wáàsí mi yẹn, ṣé o ò ní pòṣé?'

Irọ́ kékeré kan péré ló kù kí láwàní bọ́ sórí Kùdírátù, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ó lanu kó pa á, irọ́ náà ò jáde.

'Àlùfáà, ẹ forí jì mí,' ló sọ. 'Mo wà níbi wáàsí yẹn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ni. Mo sùn.'

Abdussalam fọwọ́ lu tábìlì. Lèmọ́mù ò tiẹ̀ wò ó.

'Láti kókó kelòó?'

'Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wa tán ni, Àlùfáà.'

Lèmọ́mù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín.

'Ìyàwó mi ti sọ fún mi pé òun nìkan kọ́ ló ń sùn,' ló wí. 'Lọ ra láwàní rẹ. Àmọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé fún Ìyá Àdínì rèé: bí mo bá ń ṣe wáàsí, kí o máa jí àwọn obìnrin tó bá sùn.'

Kùdírátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, torí kì í ṣe ẹni tó ń gba iṣẹ́ tí apá rẹ̀ ò ká.

'Àlùfáà,' ó ní, 'ta ni yóò wá máa jí èmi?'