Omi Tí Mo Dà sí Iná Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní iṣẹ́ tiwa, omi kì í sún mọ́ iná. Ìgbátí ni ọ̀gá wa fi kọ́ wa. Àlòkù alumíníọ̀mù la máa ń yọ́, a ó dà á sínú iyẹ̀pẹ̀, á sì di ìkòkò ọbẹ̀. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ̀mú tí omi kò tíì gbẹ lára rẹ̀ nìkan tó láti mú un bú gbàmù sí èèyàn lójú.

Àwa méjì la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà ní Ìkòtún. Mo fi ọdún méjì ju èkejì mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ ìgbátí fún oṣù mẹ́ta kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Títí di òní, n kò pè é ní "ìwọ" rí.

Ìkòkò àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ dé. Ó fúyẹ́, ó ń dán, wọ́n ya òdòdó sí i lára. Ìkòkò bébà la pè é. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu wa tí àwọn obìnrin ò fi yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ṣáínà tún ń wá àlòkù: ẹnjíìnì tó ti kú, férémù fèrèsé, agolo. Àwọn tó ń bá wọn rà á gbé lọ́rì wá, wọ́n ń kó o láti Ìkòtún títí dé Ìpájà, ó di èbúté, ó di orí òkun. Rédíò ń sọ pé ìjọba wa àti tiwọn ti bọ ara wọn lọ́wọ́, pé wọ́n ń ṣe ojú irin fún wa, pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo jókòó sí nídìí ẹwìrì, ohun tí mo rí kò ju èyí lọ: ẹrù wa ń lọ, ó ń padà bọ̀ ní ìkòkò, iná wa sì ń kú níkọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ wa bá ṣòfin: ẹni tó bá ta àlòkù fún wọn, a ó pa iná rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pa iná ẹni láyé ọ̀gá wa nìyí. Ẹgbẹ́ á lọ bá a ní òwúrọ̀, kó tó dáná. Ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ni yóò da omi sí eérú rẹ̀, kó lè dùn ún dé egungun. Kò ní dáná mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ẹni tó pa iná náà bá wá fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà.

Òwúrọ̀, kó tó dáná. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀sán gangan ni ariwo ta pé lọ́rì ń jáde lọ́gbà ẹ̀gbọ́n mi ní Baruwa, ó kún dẹ́nu. A ò dúró de òwúrọ̀ kankan. Alága ẹgbẹ́ ló ṣáájú, àwa bí ogún tẹ̀ lé e, kóńdó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òòlù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Korobá omi ló wà lọ́wọ́ tèmi.

"Ọmọ Ṣáínà! Jáde wá!"

Ẹ̀gbọ́n mi jáde tòun ti ẹ̀mú lọ́wọ́, ó ń làágùn. Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà. Alága, ìkòkò wo ni wọ́n fi se ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ jáde láàárọ̀? Ó ní òdòdó lára, àbí kò ní?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Alága gbá ẹ̀gbọ́n mi létí, òun náà fi ẹ̀mú dá a lóhùn, èjìká alága là. Ni wọ́n bá ya bo ẹ̀gbọ́n mi. Kóńdó ń ró lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀wà. Mo rí eyín tó fò jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi òòlù fọ́ àwọn àpótí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ ya ẹwìrì.

"Kí lò ń wò?" alága pariwo mọ́ mi. "Ẹni tẹ́ ẹ jọ kọ́ṣẹ́ kọ́ nìyí? Pa iná, jàre!"

Mo gbé korobá sókè. Ẹ̀gbọ́n mi gbórí jáde láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àbúrò, má dà á! Ó wà lórí iná!"

Mo gbọ́. N kò ní purọ́ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n páànù ló bo ojú iná náà, mo sì rò ó pé ẹni tó ti kó àlòkù rẹ̀ fún àjèjì, kí ló kù tí yóò máa yọ́? Mo ní ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Bí mo ti fẹsẹ̀ ta páànù dànù ni mo da omi. N kò fún ojú mi láyè láti wò. Ẹ̀gbọ́n mi ti já ara rẹ̀ gbà, ó fi orí gbá mi láyà, mo ṣubú sẹ́yìn.

Ìbọn kì í dún tó bẹ́ẹ̀. Òjò funfun ló rọ̀ lé wa lórí. Ẹ̀kán kan jẹ èjìká mi dé egungun. Ìyókù, ojú ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á, níbi tí ojú tèmi ìbá wà. Igbe tó ké, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ohun abẹ̀mí rí.

Ẹgbẹ́ sá. Èmi nìkan ló wọ́ ọ sínú kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù. Ojú kan fọ́ pátápátá. Èkejì, òjìji nìkan ló ń rí.

Nígbà tí mo padà sọ́gbà rẹ̀, èyí tó fọ́n ká ti dì mọ́lẹ̀. Nínú rẹ̀ ni mo rí etí ìkòkò kan tí kò tíì yọ́ tán, òdòdó ṣì wà lára rẹ̀. Lóòótọ́ ló ta àlòkù. Ṣùgbọ́n ìkòkò bébà tó ti lu, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń dà nù, ló ń ṣà jọ tó ń yọ́ di tiwa.

Mo gbé obì lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá dá iná náà padà.

"Kí ni n ó fi mọ̀ pé ó ti yọ́?" ló bi mí. "Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ojú tèmi wà, ẹ̀gbọ́n."

"Èwo? Èyí tó rí páànù tí kò wo abẹ́ rẹ̀?"

Obì náà wà nílẹ̀ láàárín wa títí oòrùn fi yí.

"Lọ́la," ló wí níkẹyìn, "tètè dé."

Mo pa ibi iṣẹ́ tèmi tì. Lọ́rì ṣì ń kọjá. Alága ń ta ìkòkò olódòdó ní Ìkòtún báyìí, n kò sì bá a wí. Ní àràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó ti ògiri, á kọjú sí ibi tó ti gbúròó ẹsẹ̀ mi.

"Omi dà?"

"Ó wà níta, ẹ̀gbọ́n."

"Ó jìnnà tó?"

"Ó jìnnà."

"Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo máa ń jáde lọ wò ó. Ìgbà tí mo bá wọlé ló tó ń sọ pé kí n dáná.