Ọta Ìbọn Inú Eegun Ẹ̀yìn Mi

Ọkùnrin tó yìnbọn lù mí nígbà ìjà àwọn abúlé etí odò kì í ṣe àjèjì. Òun ló máa ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa ṣe, ó sì ti jẹun nílé mi lọ́pọ̀ ìgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dáná sun abúlé wa, èmi àti ọkọ mi ń tukọ̀ gba inú igbó etí omi, à ń sá lọ sí apá Ùgbò. Ọkọ̀ wọn yọ sí wa lójijì. Mo rí ọkùnrin náà tó dìde dúró nínú rẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ṣubú sómi, a ò sì rí òkú rẹ̀ títí di òní. Ọta tó bà mí wọ ẹ̀yìn mi, ó jókòó síbẹ̀. Àwọn dókítà ìgbà náà ní àwọn ò lè fọwọ́ kàn án kí n má baà rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí àlàáfíà dé, ọkùnrin yìí ní Sàpẹ́lẹ́ lòun wà ní gbogbo àsìkò ìjà. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún wọ ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà. Bí mo bá sọ ohun tí mo fojú rí, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ló dà mí lórí rú. Mo pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n inú mi ò rọ̀. Mi ò gbàdúrà kó kú rí. Mo fẹ́ kó wà láàyè, kí ojú tì í.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ mi obìnrin gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, obìnrin ni. Ó fi awò ràbàtà kan hàn mí. Wọ́n ti kó àwòrán inú ara mi tí ẹ̀rọ yà sínú rẹ̀. Bó bá ń la ẹ̀yìn mi, awò náà á máa fi eegun àti ọta hàn án kó tó débẹ̀, kí ọ̀bẹ má baà ṣìnà. Ó gbé e wọ̀ mí lójú. Mo rí eegun ẹ̀yìn ara mi tó dúró lófuurufú láàárín yàrá, ọta náà há sí i. Dókítà béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní rárá, pé ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kó rí i.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ìgbìmọ̀ rán àwọn àgbà méjì wá kí mi, ọkùnrin náà sì bá wọn wá. Mo bẹ dókítà kó fi awò náà hàn wọ́n. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n mirí. Nígbà tó kàn án, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa.

Mo ní, "Ẹ wò ó, alàgbà. Ẹ̀yìn mi ni. Ẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ó wò ó. Ó nawọ́ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan, ó sì tètè fà á sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìbọn tèmi nìkan ló dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá láti Sàpẹ́lẹ́ ni ìbọn náà ti dún. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo sì ń rín in lọ.

Wọ́n yọ ọta náà láì pa okùn inú eegun ẹ̀yìn mi lára, ẹsẹ̀ mi sì jí padà. Wọ́n yọ òun náà nínú ìgbìmọ̀. Mo gbọ́ pé bó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣófo. Ó rán ìyàwó rẹ̀ sí mi ní Máhìntẹ́dó tí mo ń gbé báyìí pé kí n forí jin òun. Mo fún obìnrin náà ní omi, nítorí kò ṣẹ̀ mí.

"Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́," ni mo wí. "Kó lọ wá ọkọ mi rí nínú odò ná, kó tó wá bẹ̀ mí."

Ó mu omi náà tán, ó dúpẹ́, ó sì wọkọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ti ọkọ rẹ̀ ò ṣe mí.