Aránṣọ tó Mọ Ìgbà tí Omi Ń Dúró

“Iléèwé wo lẹ ti kọ́ ọkọ̀ títù?”

Ọ̀gá tó ń dán àwọn atukọ̀ wò ló bi obìnrin kan léèrè, nínú ọ́fíìsì kékeré kan létí èbúté. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́ọ̀mù ló wà níwájú rẹ̀, àlàfo kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kó kún. Obìnrin náà ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ojú fèrèsé ni.

Òótọ́ ló sọ. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ọrùn ènìyàn ló ń rán; ìgbòkun ni, aṣọ ńlá tí ọkọ̀ fi ń gba afẹ́fẹ́ sára. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè ilé ìkẹ́rù kan, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgbòkun sórí pákó ilẹ̀ rẹ̀ títí pákó fi funfun. Máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀kánkán fèrèsé náà ni ibi tí ọ̀sà ti já sókun, ọ̀nà tóóró kan láàárín òkìtì iyanrìn méjì. Fún ọdún mẹ́tàlá, nígbàkígbà tó bá gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, omi ló ń wò. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọléèwé: ìgbà tí omi kún, ìgbà tó fà, ibi tí ìfófòó ń forí lé. Lọ́jọ́ Àìkú, á wọ ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀, á lọ wò ó bóyá òótọ́ lohun tó kọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ a máa sọ pé ìyá òun kì í gba irọ́ gbọ́, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló pa á.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ di ohun tó ń pe ọmọ sí. Ṣùgbọ́n ojú náà ṣì ń rí òkèèrè kedere, ó bá pinnu láti máa fi ìgbòkun gbé àwọn arìnrìn-àjò láti èbúté dé èbúté. Ẹni tí kò níwèé àṣẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ènìyàn. Ẹni tó bá sì kùnà ìdánwò, ó di lẹ́yìn ọdún márùn-ún kó tó padà wá; wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá mú ìwé aago omi dání, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ tẹ̀ láti máa fi sọ aago tí omi máa kún àti èyí tó máa fà. Wọ́n jáde sókun láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ò tíì jí, omi tó ń fà ń gbé wọn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Obìnrin náà yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ọ̀gá ń máàkì. Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí wọ́n fi ń padà bọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ti wá le, ó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀gá wo ìwé, ó wo aago. Ìwé ní omi ti fà tán ní aago mẹ́wàá, ó ti dúró. Mẹ́wàá sì ti lù. Ó ní kó wọlé.

Obìnrin náà kò wo ìwé. Àgbá pupa kan wà lẹ́nu ọ̀nà náà, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀ kó lè máa fọ̀nà han ọkọ̀. Àgbá náà tẹ̀ síhà òkun, ìfófòó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Ó yí ìgbòkun padà, ó dá ọkọ̀ dúró lójú òkun, ó ní ó máa tó wákàtí kan káwọn tó wọlé.

Ọ̀gá rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rọra ṣàlàyé, bí ẹni ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé omi ti dúró. Obìnrin náà ní òkun ló dúró, níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀sà ò tíì tu ohun tó wà níkùn rẹ̀ tán, torí pé ọrùn rẹ̀ tóóró.

“Ìyá, àṣẹ ni mo pa. Tẹ́ ẹ ò bá wọlé báyìí, màá kọ ọ́ pé ẹ kọ àṣẹ.”

“Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá. Ẹ bá mi kọ aago sí i.”

Ó kọ ọ́. Obìnrin náà rí gègé bó ṣe ń lọ lórí ìwé, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tí òun ní ló ń bá a lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ìtọ́kọ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan dé láti ẹ̀yìn, ó kó àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Awakọ̀ rẹ̀ dẹsẹ̀ dúró.

“Ìyá aránṣọ, ṣé abẹ́rẹ́ yín ló bọ́ sómi tẹ́ ẹ̀ ń wá?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá. Afẹ́fẹ́ ń ti omi wọlé, omi tó ń jáde ń tì í padà. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ìgbì dìde bí ògiri. Àkọ́kọ́ gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè. Èkejì gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Omi yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e ka orí iyanrìn bí ẹni gbé ìkòkò kaná. Awakọ̀ náà ò fara pa. Ó kàn dúró lórí iyanrìn, ó ń wo àwọn àpótí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń léfòó lọ sókun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá dé gègé rẹ̀. Obìnrin náà ò wo ojú rẹ̀. Àgbá ló ń wò. Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta, ìrù ìfófòó já, àgbá nàró. Ó ní, “Ó yá.” Ọkọ̀ wọlé jẹ́ẹ́ bí ẹni wọ yàrá ọmọ tó ń sùn. Wọ́n yà gbé awakọ̀. Ó kí wọn, ó ní òun ti bá wọn rí abẹ́rẹ́ náà, ó ti gún òun.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé àṣẹ dé. Akọ̀wé ló mú un wá, ọ̀gá ò ránṣẹ́ kankan mọ́ ọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé aago omi tuntun jáde, ọmọbìnrin aránṣọ náà sì kà á sí ìyá rẹ̀ létí: wọ́n ti fi ìlà kan kún un, pé omi ẹnu ọ̀nà yìí kì í dúró àfi lẹ́yìn bí àádọ́ta ìṣẹ́jú tí òkun bá ti fà tán. Wọn ò dárúkọ ẹni tó rí i. Inú bí ọmọ náà. Ó ní kí ìyá òun lọ bá ọ̀gá, kí ọ̀gá náà, ó kéré tán, sọ pé òun ṣìṣe, kó sì dúpẹ́.

Ìyá bi í bóyá ọkọ̀ kankan ti tún gun iyanrìn látìgbà tí ìwé náà ti jáde. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ṣì kù.

“Òun ló jẹ gbèsè yẹn, kì í ṣe èmi. Jẹ́ kó máa gbé e kiri.”

Ọ̀gá ṣì ń gbé e kiri. Tó bá rí ìgbòkun obìnrin náà láti èbúté, á ṣí fìlà, á juwọ́ sí i kó tó juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.