Igi Píìsì Tí Mummy Ń Wọ́n Omi Àdúrà Sí

Òórùn tùràrí àti ti ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Thamesmead, ní London, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nítorí ibẹ̀ ni Mummy máa ń sá sùtánà wa sí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń rántí yìí, òtútù ń mú gan-an, síbẹ̀ èmi àti Mummy bọ́ bàtà sílẹ̀, a dúró lórí kọ́ńkéré tó tutù bíi yìnyín, a ń gbàdúrà fún igi. Igi ọ̀hún ò ga jù mí lọ, inú ìkòkò ló sì wà. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe, bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n ṣe àmín.

Igi píìsì ni, igi eléso dídùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní peach, irú èyí tí kì í ga, tó wà fún àwọn tí kò nílẹ̀. Auntie Bíọ́lá, ọmọ ìjọ wa tí wọ́n bí sí Woolwich, tó ń gbin ata sí báákónì rẹ̀ ní Barnfield, ló júwe rẹ̀ fún wa. Mummy gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Ọdọọdún ni àwa ọmọdé máa ń gbé èso lọ síwájú pẹpẹ níbi ìkórè, supermarket ni gbogbo wa sì ti ń rà á. Mummy jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn: "Èyí tí a fọwọ́ ara wa gbìn la máa gbé lọ." Èmi náà ò panu mọ́. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo Sunday school, pàápàá Tósìn, tó máa ń gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí igi náà yọ òdòdó, oyin ò tíì jáde nítorí òtútù. Auntie Bíọ́lá ní kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì ra òdòdó kan, kí n sì fi ra òmíràn, kó lè di èso. Búrọ́ọ̀ṣì àtíkè Mummy ni mo lò. Lọ́jọ́ Sunday, Mummy fi kunjú láìmọ̀, ló bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìyẹ̀fun òdòdó ti sọ di rúsúrúsú wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ewé wá yọ, ló bá ká kò, ó pupa, ó wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Mummy figbe ta: "Wọ́n ti fojú burúkú wo igi mi!" Láti ọjọ́ tí a ti rà á ló ti ń wọ́n omi àdúrà sórí rẹ̀ láràárọ̀. Ó wá sọ ọ́ di àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Bó ṣe ń wọ́n ọn tó ni ewé ń ká tó. Mo bú sẹ́kún, nítorí ẹ̀rín Tósìn ni mò ń gbọ́ létí.

Auntie Bíọ́lá wo igi, ó wo ife omi ọwọ́ Mummy, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mummy, please, omi yẹn ni problem ẹ̀! Píìsì hates wet leaves. Even òjò, ẹ má jẹ́ kó touch ẹ̀ rárá."

Mummy bojú wo ìdí igi náà. "Ṣé àdúrà ò lè gba ìdí igi wọlé ni?"

Bó ṣe di pé ìdí ló ń da omi sí nìyẹn. A já ewé tó bàjẹ́ dànù, a sì na agboòrùn ńlá lé igi lórí. Oòrùn á máa ràn, igi wa á wà lábẹ́ agboòrùn bí ọba.

Ewé tuntun jáde, ó ń dán. Àwọn èso wẹ́wẹ́ já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan. Tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò, Mummy á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́jọ́ ìkórè, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e nínú bọ́ọ̀sì. Mo jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú èso kan ṣoṣo, àwọn ìyá ìjọ ń rọ́ lura wọn fún ẹ̀rín. Tósìn gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sílẹ̀, ó ní, "Can I smell it?" Lẹ́yìn ìsìn, wòlíì wa bi mí pé ta ni ká fún. Mo ní kí wọ́n gé e fún gbogbo wa. Èyí tó kàn mí ò ju èékánná lọ. Adùn rẹ̀ ń pa mí bí ọtí.

Igi píìsì mẹ́ta ló wà ní ẹ̀yìnkùlé mi báyìí, gbogbo wọn ló ń so wọ̀ǹtìwọnti. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé òun lè tọ́ ọ̀kan wò. Mo sọ fún un pé kò tíì pọ́n, omi èso sì ń kán ní àgbọ̀n mi. Ọmọ ọdún méje tó ní ẹyọ kan ṣoṣo lawọ́ jù mí lọ.