Máàpù Tó Gbé Ilé Àlàájà Sínú Odò

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Òkè-Ìlewó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe máàpù kan fún Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀. Tí èèyàn bá fọwọ́ kan àdúgbò rẹ̀, máàpù náà á sọ fún un bóyá àwọn ará ibẹ̀ ń rí àkọsílẹ̀ iná tí wọ́n ń lò lóṣooṣù gbà. Àwọ̀ ewé: wọ́n ń rí i lórí fóònù wọn. Àwọ̀ ìyeyè: àfi kí wọ́n lọ gbà á ní ọ́fíìsì iná. Pupa: wọn ò rí nǹkan kan gbà.

Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Mo gbé e lọ fi han ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Àlàájà tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Wọ́n wọ jígí, wọ́n tẹ fóònù.

"Ilé mi dà?"

"Òun rèé, mà."

"Inú odò nìyẹn."

Mo wò ó dáadáa. Àárín odò Ògùn ni mo gbé ilé wọn sí lóòótọ́.

"Ṣé ẹja ni mí ni? Ó tún wá pọ́n. Ṣé ó ń jóná ni?"

"Rárá, mà. Pupa yẹn ni pé wọn kì í fún yín ní àkọsílẹ̀ iná yín."

"Ta lo bi?"

Orí àga ọ́fíìsì ni mo jókòó sí tí mo fi kun gbogbo ìlú.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà ní kí n gbé àwọn lọ sí ọ́fíìsì iná láti lọ béèrè àkọsílẹ̀ iná wọn. Akọ̀wé ibẹ̀ ní àwọn kì í tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Àlàájà ní kò burú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí àsìkò ìrun Alásárì tó, wọ́n tọrọ omi àlùwàlá lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú tábìlì rẹ̀, wọ́n kírun. Wọ́n wá ṣe àdúà sókè ketekete: "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọmọ yìí bàjẹ́."

"Àmín," ni akọ̀wé wí, kó tó mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ ìwé náà.

"Yí àwọ̀ mi padà," ni Àlàájà wí fún mi.

"Ẹ jẹ́ ká délé ná, mà."

"Níbí ni."

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti yọ wọ́n kúrò nínú odò, mo sì sọ àdúgbò wọn di ìyeyè.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ka ìwé náà. Oṣù tí wọ́n ra fíríìsà gan-an ni iná wọn lọ sókè, áyọ́ọ̀nù tí ayálégbé wọn fi ń lọṣọ ni wọ́n sì ti ń dá lẹ́bi látìgbà náà. Nígbà tí a délé, ẹnu ọ̀nà ayálégbé náà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. "Má bínú, ọmọ mi," ni mo gbọ́. "Fíríìsà mi ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ń bèèrè láti Papalanto dé Alábàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Alábàtà sọ fún mi pé ó ti pẹ́ táwọn ti ń rí tiwọn lórí fóònù. Pupa ni mo kun ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, mo sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé kí n tó kúrò níbẹ̀.